Ìmọ̀ tí ó ti Etí Odò Wá: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas àti Ohun tí Ó Kàn Wá ní Ìwó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú)

    

Iṣẹ́ ìwádìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ìwádìí lórí àrùn tí kòkòrò afòmọ́ ń fà, àti lórí agbára tí Ọlọ́run fi sínú ara ènìyàn láti bá irú àrùn bẹ́ẹ̀ jà. Kí ó má baà dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán, a ti yan ìgbésí-ayé ọkùnrin kan láti fi ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Olúwọlé Lucas, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1931, tí ó sì papò dà ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Kì í ṣe ọmọ Ìwó. Ṣùgbọ́n àrùn etí odò ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bá jà, Ìwó Olódò Ọbà sì ni wọ́n ń ki àwa. Ẹni tí odò jẹ́ oríkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àjèjì sí ohun tí ń gbé inú odò.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Ìwòsàn àrùn wa kì í ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Etí odò wa ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí ó lọ síbẹ̀ láti wò, láti kà, àti láti béèrè. Bí àwa kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ara wa, oògùn tí ó dára jù lọ ní ayé lè wà lórí àtẹ, kí àwọn ọmọ wa sì máa ṣàìsàn síbẹ̀.

KÍ NI KÒKÒRÒ AFÒMỌ́?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa mọ afòmọ́ orí igi kòkó àti igi obì dáadáa. Kò ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀. Ara igi tí ó lẹ̀ mọ́ ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni ó ti ń mu. Àwọn àgbà ní afòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn kòkòrò kan wà tí wọn kò lè dá gbé ayé. Inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, inú ìfun rẹ̀, abẹ́ awọ ara rẹ̀, tàbí inú ẹyinjú rẹ̀ ni ilé àti oko wọn. Èyí tí ń fa ibà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Sòbìyà ní tirẹ̀ lè gùn tó ọ̀pá aṣọ kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ wò, èyí tí Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá. Ọmọ tí ó ní in a máa tọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá nígbà tí ìtọ̀ bá ń parí lọ. Orúkọ tí a fún àrùn yìí ti ṣe wá ní ibi púpọ̀. Nítorí pé ó jọ orúkọ àtọ̀sí tí àgbàlagbà ń kó nípa ìṣekúṣe, ọmọ tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ a fi pamọ́ fún òbí rẹ̀. Nítorí pé a dárúkọ ajá mọ́ ọn, àwọn kan gbà pé ibi tí ajá tọ̀ sí ni ọmọ náà lọ tọ̀ sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé àmì ni, pé ọmọkùnrin náà ń di géńdé. Ajá kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ọmọ náà kò sì ṣe ìṣekúṣe kankan.

Bí ó ti rí gan-an nìyí. Ọmọ tí ó ní àrùn náà tọ̀ sínú odò tàbí sí etí rẹ̀, ẹyin kòkòrò sì wà nínú ìtọ̀ náà. Nígbà tí ẹyin kan omi, ó pa, ohun tín-ín-rín tí ó jáde nínú rẹ̀ sì wá ìgbín kékeré inú omi kan wọ̀. Kì í ṣe ìṣáwùrú tí à ń sè jẹ ni a ń wí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àìlóǹkà ọmọ kòkòrò jáde lára ìgbín náà, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, wọ́n ń wá awọ ara ènìyàn. Ọmọ tí ó ń wẹ̀, ìyá tí ó ń fọ aṣọ, ọmọbìnrin tí ó wá pọn omi, gbogbo wọn ni kòkòrò náà lè gba awọ ara wọn wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń dàgbà. Akọ àti abo a wá lọ tẹ̀dó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká, wọn a sì gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí abo yóò máa yé ẹyin lójoojúmọ́.

Bí ó bá pẹ́, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wàhálà rẹ̀. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ti inú kíndìnrín wá a dí, kíndìnrín a bàjẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ nígbà tí ẹni náà bá dàgbà. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé.

DÓKÍTÀ TÍ Ó LỌ BÁ ÀÌSÀN NÍLÉ

King's College ní Èkó ni Lucas ti ka ìwé kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè ìṣègùn ti Yunifásítì Durham ní ọdún 1956. Ó tún kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera gbogbogbòò àti ẹ̀kọ́ àrùn ilẹ̀ olóoru. Ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ní ọdún 1965, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìdènà àrùn, ipò tí ó wà títí di ọdún 1976. Nǹkan bí ọmọ ọdún 33 ni nígbà tí ó gorí àga náà.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀ka yìí àti àwọn ẹ̀ka ìṣègùn yòókù. Dókítà ilé ìwòsàn ń dúró de aláìsàn. Ẹni tí ń dènà àrùn ń lọ bá àìsàn ní ilé tí ó ń gbé. Ní Akùfọ̀, abúlé kan nítòsí Ìbàdàn, Herbert Gilles àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti yẹ ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́, oúnjẹ, omi àti ilé àwọn ará abúlé náà wò, ìwé tí ó jáde nípa rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960 sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera agbègbè ní Ìbàràpá, Ìgbò-Ọrà sì ni ibùdó rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ibi tí aláìsàn ti ń mu omi kí ó tó di aláìsàn. Gilles yìí kan náà ni òun àti Lucas jọ kọ ìwé ìdènà àrùn fún ilẹ̀ olóoru tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní ọdún 1973, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ púpọ̀ sì ti ń lò láti ìgbà náà.

Lórí àtọ̀sí ajá ni Lucas ti ṣe iṣẹ́ kan tí a fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn onímọ̀ ni pé bí àpò ìtọ̀ àti ọ̀nà ìtọ̀ ọmọ bá ti bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, oògùn kò sì lè ṣe ju pé kí ó pa kòkòrò lọ. Lucas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò inú ara, èyí tí a ń pè ní ẹ́síréè, fún àwọn tí ó ní àrùn náà kí wọ́n tó lo oògùn, wọ́n sì tún yà á lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1966 àti 1969, wọ́n fi hàn pé ọ̀nà ìtọ̀ tí ó ti dí tàbí tí ó ti wú lè padà bọ̀ sípò, pàápàá lára ọmọdé. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ara ọmọ ń dárí jì wá bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó di àgbà kí a tó ṣe ohunkóhun, àpá a ti le, kò sì ní lè yí padà mọ́. Ọmọ tí ó bá tìtorí ìtìjú fi ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ rẹ̀ pamọ́ ń fi ọdún tí ìwòsàn fi rọrùn ṣòfò.

ÀWỌN ỌMỌ OGUN INÚ ARA

Nísinsìnyí a dé ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti jinlẹ̀, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ ní ọ̀nà tí yóò yé wa. Inú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa ni Ọlọ́run fi àwọn ọmọ ogun sí. Iṣẹ́ wọn ni láti dá àjèjì mọ̀, láti lé e jáde, àti láti rántí ojú rẹ̀ bí ó bá tún padà wá. Ìrántí yìí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lò: a fi ohun tí ó jọ ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun, kí wọ́n lè ti múra sílẹ̀ kí ọ̀tá gan-an tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pa ìgbóná, tí a ń pè ní Ṣànpọ̀nná, run ní ayé, tí a kéde òpin rẹ̀ ní ọdún 1980.

Kí ló dé tí kò fi rọrùn bẹ́ẹ̀ fún àrùn kòkòrò afòmọ́? Èkíní, kòkòrò náà gbọ́n. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Smithers, Terry àti Hockley, fi hàn pé kòkòrò irú ti àtọ̀sí ajá a máa fi nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ onílé bo ara rẹ̀. Olè tí ó bá wọ aṣọ onílé, ọdẹ kò ní lè dá a mọ̀. Kòkòrò ibà ní tirẹ̀ a máa pa aṣọ dà: bí àwọn ọmọ ogun bá ti mọ ojú kan, ó ti gbé òmíràn wọ̀.

Èkejì, ogun tí ń jà fún wa lè ba ilé wa jẹ́. Ẹyin àtọ̀sí ajá tí kò bá rí ọ̀nà jáde a há sínú àpò ìtọ̀. Àwọn ọmọ ogun a yí i ká, wọn a mọ odi lé e lórí, odi yìí gan-an sì ni àpá tí ń dí ọ̀nà ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú iṣẹ́ tí Ralph Hendrickse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn ọmọ tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn ń wú ní Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú oríṣi ibà tí ó wà ni ó ń fà á fún púpọ̀ nínú wọn: ohun ìjà ara àti ìdọ̀tí kòkòrò lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì lọ há sínú kíndìnrín. Ìbàdàn yìí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ibùdó ìwádìí àti ẹ̀kọ́ nípa àjẹsára ara kan sí ní ayé ìgbà náà, tí Václav Houba darí. Ọ̀nà Ìbàdàn kò jìn sí wa. Ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń kà nínú ìwé, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti wá a rí.

Ẹ̀kẹta, agbára àjẹsára sí ibà wà, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni à ń san kí a tó rí i gbà. Ní ọdún 1961, Cohen, McGregor àti Carrington tẹ ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Gambia jáde. Wọ́n yọ ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí ibà ti bá jà láti kékeré, wọ́n sì fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà dín kù gidigidi. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ dájú pé ara àgbà ní ohun tí ara ọmọdé kò tíì ní. Ibà léraléra láti ìgbà èwe ni ó fún àgbà ní agbára yìí, àwọn tí kò sì yè é kò sí níbí láti jẹ́rìí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Agbára yìí kì í wà títí. Ẹni tí ó bá kúrò ní ilẹ̀ ibà fún ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Àwọn ọmọ tí ẹ bí sí òkè òkun kò tilẹ̀ ní in rí. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ má ṣe wí pé ọmọ Ìwó ni yín, pé ẹ̀fọn Ìwó mọ̀ yín. Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ lo oògùn ìdènà bí ó ti pàṣẹ, ẹ sùn sínú àpò ẹ̀fọn. Bí ibà bá sì mú yín tàbí ọmọ yín lẹ́yìn tí ẹ padà, ẹ sọ fún dókítà yín ní kíá pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà òkè òkun kì í rí ibà, bí aláìsàn kò bá sì sọ, ọkàn wọn lè má lọ síbẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù.

LÁTI ÌBÀDÀN DÉ GENEVA

Ní ọdún 1975, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ àgbáyé mìíràn dá ètò pàtàkì kan sílẹ̀ fún ìwádìí lórí àrùn ilẹ̀ olóoru. TDR ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Lucas ni wọ́n mú láti Ìbàdàn lọ darí rẹ̀ ní Geneva láti ọdún 1976 títí di 1986. Àrùn mẹ́fà ni wọ́n dójú kọ: ibà, àtọ̀sí ajá àti àwọn ìbátan rẹ̀, àrùn aràn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń fọ́ni lójú tàbí tí ń mú ẹsẹ̀ wú, àrùn oorun àti ìbátan rẹ̀ ti Amẹ́ríkà Gúúsù, àrùn tí eṣinṣin inú iyanrìn ń kó ranni, àti ẹ̀tẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni a gbé lé ètò náà lọ́wọ́. Ọ̀kan ni láti wá oògùn àti ọ̀nà tuntun fún àwọn àrùn tí àwọn olóògùn ńlá kò kà sí, nítorí pé tálákà ni wọ́n ń ṣe, tálákà kò sì ní owó tí yóò fi rà wọ́n. Èkejì ni láti kọ́ àwọn onímọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà wà gan-an, kí wọ́n lè máa ṣe ìwádìí náà fúnra wọn. Iṣẹ́ kejì yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tí ó bá fún ọ ní oògùn ti wo àìsàn ti òní. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ rẹ láti wá oògùn ti bójú tó ti ọ̀la pẹ̀lú.

Àkókò Lucas níbẹ̀ so èso. Ní ọdún 1981, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá lílo oògùn púpọ̀ pọ̀ fún ẹ̀tẹ̀, ọ̀nà tí ó ti wo àìmọye adẹ́tẹ̀ sàn láti ìgbà náà. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dán ivermectin wò lára àwọn tí ó ní àrùn tí ń fọ́ni lójú létí odò, ní Dakar, lábẹ́ Mohammed Aziz ti ilé-iṣẹ́ Merck. Inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí ohun tí oògùn náà ti wá, William Campbell ti Merck sì ni ó ṣáájú àwọn tí ó fi hàn pé ó ń pa aràn. Ètò TDR kópa nínú ìdánwò rẹ̀, àti nínú wíwá ọ̀nà tí yóò fi dé abúlé. Ní ọdún 1987, Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi tọrẹ. Ní ọdún 2015, Campbell àti Ōmura gba ẹ̀bùn Nobel.

Nígbà tí Lucas kúrò ní Geneva, ó ṣiṣẹ́ fún àjọ Carnegie ní New York títí di 1990, ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard láti 1990 dé 1995. Ní ọdún 1999, ilẹ̀ Thailand fi ẹ̀bùn Prince Mahidol dá a lọ́lá. Ọ̀dọ̀ Akùfọ̀, Ìbàràpá àti ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

ÀRÌDAN ÀTI SÒBÌYÀ

Ẹnìkan lè wí pé ti Geneva àti Harvard jìnnà sí wa jù. Ẹ jẹ́ kí a wá sí tòsí. Gbogbo ìyá tí ń sebẹ̀ ló mọ àrìdan. Ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, C. O. Adéwùnmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pé omi èso àrìdan a máa pa ìgbín tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Igi náà wà ní oko wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò béèrè ohun tí ó tún lè ṣe, tí yóò sì fi ọdún púpọ̀ wọ̀n ọ́n, tí yóò kà á, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ rántí sòbìyà pẹ̀lú. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ka àwọn tí ó ń ṣe láti abúlé dé abúlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni a fi ṣẹ́gun? Kíka aláìsàn ní abúlé, sísẹ́ omi, gbígbẹ́ kànga, àti ìkìlọ̀ kí ẹni tí ń ṣe má ṣe wọ inú odò. Ará abúlé tí a kọ́ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin ará wa, Ìwó kì í ṣe ìlú tí ẹ̀kọ́ jẹ́ àjèjì sí. Àwọn àlùfáà wa ni a mọ̀ káàkiri fún ìmọ̀ Kùránì; Baptist College ti kọ́ àwọn olùkọ́ níhìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún; láti ọdún 2002 ni Yunifásítì Bowen sì ti ń kọ́ni láàárín wa. Àwọn olùkọ́ kò wọ́n wa. Ohun tí ó kù ni kí a darí ẹ̀kọ́ náà sí odò wa. Nítorí náà, a fi àbá mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí a má ṣe jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìyẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé wò, ní ìlú àti ní àwọn abúlé etí odò. Iṣẹ́ tí kò lówó lórí púpọ̀ ni. Praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá, wà. Kì í ṣe abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ sì sábà máa ń lò ó. Kí àwọn olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ ní gbangba pé àrùn omi ni, pé kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá fún ní oògùn lónìí, tí ó tún padà sínú odò kan náà lọ́la, yóò tún un kó. Nítorí náà, kànga àti ilé ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ bá oògùn rìn.

Èkejì, nínú owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń yà sọ́tọ̀, kí a ya apá kan fún ọmọ tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ àrùn kòkòrò afòmọ́ àti ti àjẹsára. A mọ̀ pé amòfin àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ òbí ń fẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́rin tí ibà ń mú ní gbogbo ayé, nǹkan bí ẹnìkan ni ó jẹ́ ará Nàìjíríà. Ní ọdún 2021 àti 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì fún ibà àwọn ọmọdé, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọ̀kan nínú wọn sì dé Nàìjíríà, tí ìjọba fi Kebbi àti Bayelsa ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ sí lára ọmọ Ìwó, bí kò bá sí ọmọ Ìwó tí ó lè wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun. Àwọn kan ń wí fún wa pé ọmọ tí a bá fi owó ìlú kọ́ yóò sá lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lucas pàápàá lo ọ̀pọ̀ ọdún ní òde. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ rẹ̀: Adétòkunbọ̀, adé tí ó ti òkun bọ̀. Ibi tí ó jókòó sí ní Geneva, ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ bí tiwa ni ó ń gbé kalẹ̀, àwọn ọmọ irú ilẹ̀ wọ̀nyí ni ó sì ń wá ọ̀nà láti kọ́. A kò béèrè pé kí gbogbo yín kó ẹrù yín wálé. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ní yàrá ìwádìí mú ọmọ kọ̀ọ̀kan níhìn-ín bí ọmọ yín, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì máa fi ọ̀nà hàn án. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

A kò sọ pé Ìwó gbọ́dọ̀ bí Lucas kejì ní ọdún tí ń bọ̀. Odò Ọbà ti ń ṣàn kí àwọn baba wa tó tẹ̀dó, yóò sì máa ṣàn lẹ́yìn wa. Ohun tí a fi ń pọn ọ́n ni ó wà ní ìkáwọ́ wa, àti ọmọ tí a rán lọ síbẹ̀: bóyá a rán an pẹ̀lú korobá nìkan ni, tàbí pẹ̀lú ìbéèrè.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Kábíyèsí sí. Kí ó jẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti ìdálẹ̀ wá padà láyọ̀ àti ní àlàáfíà. Kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú, kí ìtọ̀ ọmọ wa mọ́, kí omi wa mọ́. Àmín.